Ohun Tí Iyọ̀ Dì Mú

Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń dùbúlẹ̀ sórí páálí tútù
lábẹ́ ọkọ̀ ẹrù bàbá mi,
nínú abà onípákó létí èbúté, ní Cape Breton,
níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé iyọ̀ wọlé láìkan ilẹ̀kùn.
Jáàkì gbé e sókè. Mo tún fi ìtì igi tì í,
nítorí jáàkì kì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni.

Táyà yọ. Ìyẹn rọrùn.
Bóòtù mẹ́fà ló de ìdérí họ́ọ̀bù:
márùn-ún gbọ́ràn,
ẹ̀kẹfà fi orí rẹ̀ sílẹ̀ fún mi lẹ́nu sípánà,
ó fi ọrùn pamọ́ sínú ihò.
Mo fi dírìlì lu ú láàárín
títí irun irin dídán fi kún mi lápá.

Lẹ́yìn ìdérí ni nọ́ọ̀tì ńlá,
ojú ọgbẹ́ ṣísẹ́lì sì yí i ká,
gbogbo wọn dagun sọ́wọ́ òsì.
Mo mọ ọwọ́ yẹn.
Ọlọ́wọ́-òsì kan ṣoṣo ló wà nílé wa,
kò sì ra irinṣẹ́ tó yẹ rí;
ohun tí kò bá gbọ́ tirẹ̀, lílù ni.

Ohun tí a bá fagbára mú,
ṣebí líle ní í le koko bí ojú ẹja?
Ilé apẹja ni wọ́n bí mi sí.
Mo mọ bí ojú náà ṣe le tó.

Nítorí náà mo rọra.
Mo fi òróró bọ́ irin lálẹ́
bí ẹni ń bọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá.
Mo fi iná mú un gbóná,
mo fi àbẹ́là kan ibi tí irin méjì ti dìmọ́ra;
ó yọ́, irin mu ún, ó wọlé láìpariwo.
Mo fi òòlù onígi kàn án: kó. Kó. Kó.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kó yẹn di kù.

Iyọ̀ ló ní kò ní í yọ.
Àbẹ́là yọ́, ó yọ,
èmi nìkan ni mo ń yọ̀ nínú abà.

Ó wá ku òrùka bíárìn nínú ikùn họ́ọ̀bù,
pẹlẹbẹ, kò ní ètè tí a lè fi nǹkan kọ́.
Mo lù ú títí ọwọ́ mi fi gbàgbé ìka.

Ibẹ̀ ni Lauchlin bá mi, àbúrò bàbá mi.
Ọdún mọ́kànlá ni kò fi tẹ àgbàlá yìí,
nítorí ọkọ̀ yìí kan náà,
nítorí ta ló fi í sílẹ̀ lẹ́bàá omi lálẹ́ ìjì.
Kò kí mi. Ó ní, “Effie, sún.”
Ó wọ́ ẹ̀rọ ìjórinmọ́rin wọlé,
ó fi iná fa ìlà kan yí inú òrùka ká
bí ẹni ń rán etí àpò.
Ó tan sìgá, kò fà á.
“Kì í ṣe iná ni yóò yọ ọ́,” ó ní.
“Bó bá ń tutù lọ, yóò súnkì fúnra rẹ̀.”
A dúró.
A ò rí nǹkan kan sọ.
Òrùka já bọ́ sórí páálí
bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.

Bàbá mi wà lójú fèrèsé ilé ìdáná.
Kò jáde.
Mo rí i tó gbé ife kan kalẹ̀, tó gbé èkejì,
ọwọ́ òsì rẹ̀ wá dúró lẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù,
ó pẹ́ níbẹ̀.

Lauchlin fi aṣọ nu òrùka, ó sọ ọ́ sápò.
“Ẹsẹ̀ òsì ńkọ́?”
“Òun ló burú jù,” mo dáhùn.
Ó tẹ̀ba, ó wọ́ jáàkì lọ sódì kejì.