Òdo ní Ìrojò

Ilé ìwòsàn mẹ́fà ló ń jẹ́ orúkọ kan ní Iléṣà:
Òkèsà, Ìjámọ̀, Ìbàlà, Ìsọ̀kùn, Bọ̀lọ̀rundúró,
àti Ìrojò tó wà lẹ́yìn ìlú bí ọmọ ìyá mìíràn.
Ọ̀dà kan náà lára ògiri, olówó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.
Wọ́n ra orúkọ náà lọ́wọ́ Dókítà Arówóṣegbé,
wọ́n sì búra pé abẹ́rẹ́ Ìsọ̀kùn kò ní yàtọ̀ sí ti Òkèsà.

Èmi ni Ìyá Káàdì. Ọdún méjìlélógún
ni mo fi ń wá fáìlì kí aláìsàn tó jókòó.
Mo mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru láti ìró bàtà rẹ̀.

Àfi lọ́jọ́ tí Akíntáyọ̀, ọmọkùnrin tí kò tíì hu irùngbọ̀n,
kan gíláàsì dúdú mọ́ ògiri ọ́fíìsì.
Ó tẹ nǹkan, gíláàsì là,
ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde, wọ́n tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà:
àwọ̀ ewé fún ẹni tó ṣe dáadáa,
àwọ̀ ìyeyè fún ẹni tó ń fì,
pupa fún ẹni tí wọ́n fẹ́ bá wí.
Iye ìṣẹ́jú tí aláìsàn fi dúró. Iye oògùn tó kù. Owó tó wọlé.

Baba mi ni mo rántí.
Òṣómàáló ni. Á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní dìde, kò ní jẹun, àfi bí owó bá jáde.
Bẹ́ẹ̀ ni gíláàsì yìí lóṣòó sára ògiri
láràárọ̀ ọjọ́ Ajé: "Mélòó dà?"

Mo kọ́kọ́ kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́,
òun ló fi hàn pé, ní Òkèsà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun
ni èrò fi ń dúró ju wákàtí méjì lọ,
nítorí nọ́ọ̀sì méjì ló ń gba ìsinmi lọ́jọ́ kan náà.
Ọdún méjìlélógún, n kò rí i.

Lẹ́yìn náà, Ìrojò di òdo.
Òdo lọ́sẹ̀ kan. Òdo lọ́sẹ̀ kejì. Pupa fòò.
Dókítà ní, "Kò sẹ́ni tó ń lọ síbẹ̀ mọ́.
Ẹ jẹ́ ká gba orúkọ wa padà, ká ti ilẹ̀kùn."
Wọ́n ti ń kọ lẹ́tà.

Baba mi sọ fún mi nígbà kan
pé onígbèsè kan ní Igbájọ kò yọjú lẹ́ẹ̀mẹta.
Òun so ṣòkòtò le, òun bínú lọ,
òun bá a lórí ẹní, ibà ti gbé ohùn rẹ̀ lọ,
ó kàn na ìka sí abẹ́ ìrọ̀rí, níbi tí owó wà.
"Ẹni tó bá dákẹ́, má tíì bú u. Lọ wò ó."

Mo gun ọ̀kadà. Eruku títí dé eyín.
Kí ni mo bá? Èrò dé ẹnu géètì!
Àwọn ìyá gbé ọmọ lé itan lórí bẹ́ǹṣì, lórí búlọ́ọ̀kù, lórí koríko.
Nọ́ọ̀sì Fadérera ń fi báírò kọ orúkọ
sínú ìwé ọmọ rẹ̀ tó ní àwòrán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn.
Tíránsífọ́mà ti jóná láti ọjọ́ kejì oṣù,
kọ̀ǹpútà ti sùn,
ìwọ̀nba epo jẹnẹrétọ̀, fìríìjì àjẹsára ló ń mu ún.
"Èmi ni mo yàn bẹ́ẹ̀," ló wí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Mo gbé ìwé náà wálé bí ẹyin.
Akíntáyọ̀ ń tẹ̀ ẹ́, èmi ń kà á fún un,
orúkọ lẹ́yìn orúkọ, títí ilẹ̀ fi ṣú:
aláìsàn igba ó lé mẹ́rìnlá,
mọ́kànlélọ́gọ́ta jẹ́ ọmọdé, ibà, ibà, ibà,
láti àwọn ilé ẹ̀bá odò kan ṣoṣo.
Ìgbà náà ni gíláàsì tó wúlò tán:
ó tọ́ka sí Ìbàlà, níbi tí páálí oògùn ibà méje ń sùn sí,
tí ọjọ́ wọn yóò pé lóṣù tó ń bọ̀.
Kílẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ ti kó wọn dé Ìrojò.

Ọmọ kan kò dúró dè é.
Mórádéyọ̀, ọmọ ọdún méjì, ojú ewé kọkàndínlógún.
Lórí gíláàsì, "kan" ni. Àwọ̀ kankan kò bá a mu.

Lẹ́tà yẹn ṣì wà lórí tábìlì mi, mo ń gbé ife tíì lé e.
Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí gbogbo wọn bá ń wo pupa,
èmi a máa wá ilé tó dákẹ́.