Tọ́jú, Má Fi Pamọ́

Ẹgbẹ́ Ọlọ́kọ̀ Ojú Omi ló gbé iṣẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ayétòrò,
ìwé ìpàdé, igba ẹ̀dà, kó tó di Jímọ́ọ̀.
Ẹ̀rọ ìkọ̀wé mi kò mọ àmì abẹ́ lẹ́tà:
Ọlọ́kọ̀ wọlé, Olóko ló jáde.
Alága wọn, Bàbá Sùnmọ́nù, gbé ìwé sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.
"Rúfáì, ìgbà wo la di àgbẹ̀?
Ṣé inú ọ̀sà la fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ sí?"

Igba ẹ̀dà. Ìyá ẹlẹ́pà ló fi wọ́n dì í tà.

Múináà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ní kí n fara balẹ̀.
Ó ní ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́,
kì í ṣe ọ̀fẹ́ ti èènì ẹlẹ́ja,
òmìnira ni, bí ọmọ tí wọn kò fi sọfà.
Ó ṣí inú rẹ̀ bí ẹni ń la ẹja,
ìlà lórí ìlà, mi ò mọ ìfun yàtọ̀ sí ẹ̀dọ̀.
Òru mẹ́ta. Ní àárọ̀ Àlàmísì,
àmì ti jókòó sábẹ́ e, sábẹ́ o, sábẹ́ s,
bí ọmọ tó mọ ilé bàbá rẹ̀.

Ìwé àṣẹ rẹ̀ gùn. Ó ń kà á, ó ń túmọ̀:
o lè dà á kọ, kí o fún ẹni tó wù ọ́.
O lè tà á. (Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, o lè tà á.)
O lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n kọ ohun tí o yí padà,
kọ ọjọ́ tí o yí i,
má pa orúkọ ẹni tó ṣáájú rẹ́.
Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ, fún un tinú tẹ̀yìn,
kí òun náà lè ṣí i.
Níparí, ní lẹ́tà gàdàgbà: a ò ṣèlérí ohunkóhun;
bó bá ba iṣẹ́ rẹ jẹ́, má pè wá.
Mo ní, àwọn tó kọ èyí ti gbé Ẹ̀pẹ́ rí, wọ́n mọ iná ìjọba.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣódẹkẹ́ wá láti Ìkòròdú, pẹ̀lú kóòtù nínú oòrùn.
Ó fẹ́ rà á pátápátá, kó tì í pa,
kó lẹ orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn níwájú.
Ó ka owó sórí tábìlì.
Owó ṣọ́ọ̀bù ti tó san. Mo wò ó dáadáa.
Múináà ní, "Ẹ gbé e lọ, ẹ tà á ní iyekíye,
àmọ́ kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe tèmi tí n ó fi tà á fún yín."
Ó kó owó rẹ̀. Ó gbé ẹ̀dà kan lọ nínú fúláàṣì.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ẹ̀dà míì dé láti Àgbádárìgì.
Olùkọ́ kan, Sẹ̀wánú, ti fi ohùn lé orí n,
èyí tí Múináà gbàgbé.
Orúkọ Ṣódẹkẹ́ wà láàárín àwọn méjèèjì, ó rọra jókòó.

Èmi? Mi ò lè kọ ìlà kan níbẹ̀.
Àmọ́ mo rí bọ́tìnnì kan, wọ́n kọ "Fi Pamọ́" sí i.
Mo ní, Múináà, ta la fẹ́ fi í pamọ́ fún?
"Tọ́jú" ni kó o kọ.
Ó yí i padà. Ó kọ ọjọ́.
Nísàlẹ̀ gbogbo wọn: Rúfáì Adéṣọkàn, Ayétòrò, Ẹ̀pẹ́,
ọ̀rọ̀ kan.