Òṣómàáló Inú Àpò

Pádì mẹ́jọ ló wà lórí tábìlì, mẹ́ta ò ní bọ́tìnnì òsì mọ́.
Mo fi àkísà nù wọ́n láàárọ̀ yìí
bí ìyàwó tuntun ṣe ń nu àwo tí àlejò ò tíì fi jẹun.
Aago mẹ́wàá lù. Aago méjìlá lù.
Aláǹgbá nìkan ló yọjú lẹ́nu ọ̀nà,
kò sì sanwó.

Ẹ ò mọ yàrá yìí nígbà ayé ẹ̀.
Lẹ́yìn ọjà Ẹ̀rẹ́jà, ní Sátidé,
àádọ́ta náírà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
ogún ọmọ á tò síta bí ẹni fẹ́ gbabẹ́rẹ́.
Bí Nẹ́pà bá múná lọ nígbà tí eré ku díẹ̀ kó parí,
igbe tí wọ́n máa ké,
télọ̀ òdìkejì á fabẹ́rẹ́ gún ara ẹ̀.

Bùsúyì ló kọ́kọ́ sọ fún mi.
Ó ti Ìgún dé, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù,
ẹrẹ̀ pupa ṣì wà lábẹ́ èékánná ẹ̀.
Kò jókòó. Ó kàn na fóònù sí mi:
“Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ti gbé e wá síbí o.”
Mo wò ó. Ẹlẹ́ṣin tí mo mọ̀ ni,
òkè kan náà, afárá tó máa ń já,
gbogbo ẹ̀ ká kò bí ọmọ inú ẹyin
sábẹ́ gíláàsì tó sán.
Mo ní, “Èló?”
Ó rẹ́rìn-ín. “Ọ̀fẹ́ ni.”

Ọ̀fẹ́!
Àwọn tó gba owó ọdún kan lọ́wọ́ mi lórí àpótí dúdú kan ṣoṣo,
tí wọ́n ní ẹni tí ò bá ní àpótí
ò ní gẹṣin náà láéláé.

Mo bínú fún ọjọ́ mẹ́ta.
Lọ́jọ́ kẹrin ni mo rántí bàbá bàbá mi,
Jẹ́gẹ́dẹ́ tó ru aṣọ láti Iléṣà dé Ọ̀fà,
tí ò ní ṣọ́ọ̀bù, tí ò dúró de oníbàárà rí.
Ẹnu ọ̀nà rẹ ló máa bá ọ.
“Gba aṣọ, má sanwó lónìí.” Ó dùn létí, àbí?
Lóṣù tó ń bọ̀, kí àkùkọ tó kọ,
wàá ṣílẹ̀kùn, wàá bá a lórí ìlóṣòó:
kò ní nàró títí owó á fi pé.

Ta ló kọ́ àwọn ará òkè òkun níṣẹ́ ìdílé wa?
Àpótí wọn dúró sójú kan, ayé ń kọjá lára ẹ̀.
Ni wọ́n bá di ẹrù, wọ́n wọ àpò ṣòkòtò lọ.
Ọ̀fẹ́ lẹṣin. Gàárì ńkọ́? Igba náírà.
Bẹ́ṣin bá ṣubú, dúró fún wákàtí mẹ́fà,
tàbí kó o san ọgọ́rùn-ún, kó dìde báyìí.
Lóru, fóònù á gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí Bùsúyì:
“Ẹṣin rẹ ń wá ọ.”
Góòlù Ìgún ń jò lọ, tó, tó, tó.

Èmi ò sí lára àwọn tó máa ní ayé ti bàjẹ́.
Àwa tá a máa ń múná láti ilé lọ sóko,
kí ló yà wá lẹ́nu lára ọmọ tó ń gbé eré lápò?
Mo ti kan pákó kan mọ́ ògiri,
ogún ihò fún ṣájà, àádọ́ta náírà lórí fóònù kan.
Wọ́n á máa dúró níbẹ̀, orí ní ìdoríkodò,
kẹ́kẹ́ á pa.

Lánàá, fóònù Títílọpẹ́ kú fin-ín.
Bó ṣe ń muná lọ́wọ́, ó mú pádì kan,
ó bi mí pé ta ló máa bá òun gẹṣin.
Mo wo ẹnu ọ̀nà. Kò séèyàn.
Mo jókòó tì í. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló nà mí
pẹ̀lú pádì tí ò ní bọ́tìnnì òsì.
Ó fẹ́ sanwó. Mo ní rárá, máa lọ,
ó dìgbà tí mo bá wá sílé yín.