Gìtá Sùnmọ́nù

Ọkùnrin tó ti Lẹ́kkí wá sí Ẹ̀pẹ́ kò jókòó.
Ó fìka tọ́ eruku ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín:
"Ẹ má nù ún o. Ìdọ̀tí yìí, owó ni."
Ó ń yẹ ojú ọgbẹ́ ara igi wò
bí ẹni ń ṣa ẹja lọ́jà Olúwo.
Mo mọ ẹni tó dá ọ̀kọ̀ọ̀kan:
èyí, ìdí ìgò ní Èjìnrìn;
èyí, eyín mi, nígbà tí mo ń hu eyín.
Èyí tó fẹ̀ jù, ìgbọ̀nwọ́ bàbá mi ni,
ogójì ọdún lójú kan náà.

"Ṣùgbọ́n èèkàn kẹta kì í ṣe tirẹ̀."
Òótọ́ ni. Lára àjẹ̀ tó kán ni Bàbá ti gbẹ́ ẹ,
lọ́jọ́ tí kò sówó, tí wọ́n sì ń retí rẹ̀ lóde eré.
"A ó yọ ọ́, a ó fi ojúlówó sí i."

Ojúlówó.

Mílíọ̀nù kan àbọ̀. Múnírá ń ṣẹ́jú sí mi lẹ́nu ọ̀nà:
páànù orí ilé ti di asẹ́,
èmi ò sì mọ gìtá ta.
Kí lapárí ń wá nísọ̀ onígbàjámọ̀?

Mo ní kó padà wá ní Sátidé.

Lóru, ilé ń jò: tó, tó, lórí ẹní mi.
Mo dìde nínú òkùnkùn.
Gìtá ni mo kọ́kọ́ gbé.
Okùn kan ha ògiri, ó dún
bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, tó tún gbé e mì.
Mo dúró tì í, ẹsẹ̀ mi nínú omi,
mò ń ṣírò iye páànù.