Ọ̀kẹ́ Kan Ó Dín Mẹ́ta

Inú ìwé tí bàbá fi ń kọ gbèsè alágbàṣe la ti rí i,
ìlà kan ṣoṣo, tàdáwà rẹ̀ ti pọ́n bí irin tó dógùn-ún:
"Igi kòkó mi jẹ́ ọ̀kẹ́ kan ó dín mẹ́ta."
Kò kọ ẹni tí yóò gbà á. Kò kọ bí a ó ṣe pín in.

Àwa ọmọ márùn-ún jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Òde-Oǹdó.
Mo pín in sí ọ̀nà márùn-ún, igi méjì ṣẹ́ kù.
Ìyá ní kí a ka òun mọ́ ọn, a di mẹ́fà,
igi márùn-ún ṣẹ́ kù.
A pe Akínmọ́ládùn, àbúrò bàbá, a di méje,
márùn-ún náà tún jókòó síbẹ̀, wọn ò mì.

Akínwándé wá na ìka sí Ọmọ́ṣalẹ́wà:
"Ìwọ lo gé igi mẹ́ta nígbà tí ò ń kọ́ ilé ìdáná."
Ọmọ́ṣalẹ́wà ní katakata ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló wó wọn.
Nítorí igi mẹ́ta,
ọmọ ìyá kan náà ò fọwọ́ kan abọ́ ara wọn mọ́.

Mo gbé nọ́ńbà náà padà sí Akúrẹ́,
sínú yàrá mi ní Òkè-Àró, níbi tí mo ti ń máàkì ìṣirò àwọn ọmọ.
Wọ́n ti mú iná lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì.
Mo fi mẹ́tàdínlógún pín in, ó kọ̀.
Mo fi mọ́kàndínlógún, ó kọ̀. Mẹ́tàlélógún, ó kọ̀.
Mo ń gòkè lọ títí mo fi dé mọ́kàndínlógóje,
ìyẹn náà kọ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti parí:
ààpọ́n ni.
Ẹnì kan péré ló lè kó o,
tàbí kí ọ̀kẹ́ kan èèyàn ó dín mẹ́ta wá
kí kálukú fa igi kọ̀ọ̀kan lọ.

Oorun ò wá. Mọ́kàndínlógóje ò kúrò lórí mi.
Mo fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, mo yọ ọ́ kúrò:
ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ló kù.
Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, lọ́nà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Mo pa tọ́ọ̀ṣì.

Ní Sátidé mo wọ mọ́tò gba ọ̀nà Òkè-Igbó.
Oko ńlá: ìlà mọ́kàndínlógóje ní ìbú,
mọ́kàndínlógóje ní òró.
Mo ká ṣòkòtò, mo sọdá odò sí oko kékeré:
mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n níbùú, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóròó.
Kò sí àlàfo. Kò sí kùkùté.
Ìdí tó fi gbin méjì, n ò mọ̀.

Igi kankan ò sọnù. Ẹnu wa ló dín mẹ́ta,
ẹnu tó máa ń kọ́kọ́ gun orí ọ̀kẹ́
kó tó bojú wẹ̀yìn,
tó ń fi ohun tí kò sí pe ohun tó wà.

Mo tẹ Akínwándé láago láti etí odò.
Ó gbọ́ ọ tán. "Báwo la ṣe fẹ́ wá pín in?"
Mo ní kò ṣe é pín.
Ó dákẹ́.
Mo ń gbọ́ Ọmọ́ṣalẹ́wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fọ abọ́.