Agolo Tí Ń Yí Ohùn Gìtá

Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n bí mo bá ń jó òjé,
Sùbérù oní-rédíò ní Wàńdó lè jẹ́rìí.
N kì í so wáyà òdì.
Ihò kẹta ni àléébù mi.
Mo wọn agolo lẹ́ẹ̀mejì, mo fi ẹfun sàmì,
síbẹ̀ ẹnu irin á yọ̀ gẹ̀rẹ̀,
bọ́tìnnì á wọ́ bí ẹnu ẹni tí eyín ń dùn.

Àti ìwàǹwára.
Lánàá mo dé e pa kí n tó dán an wò.
Mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo ta gìtá:
ọkùnrin kan ló fọhùn nínú agolo,
ó ń ka iye owó gaàrí ní Àjàṣẹ́.

Ìyàwó mi ní n má tú u.
Ó ń retí ti epo.