Ìlà Tí Abẹ Kò Kọ

Ewé iṣu méjì dé lónìí nínú ọ̀rá búrẹ́dì,
ọ̀kan láti Oǹdó, ọ̀kan láti Ìta-Ògbólú.
Bàbá Akínmúrelé ní Dúródèmí lorúkọ tòun,
bàbá ńlá òun ló mú un wá, kò sí irú ẹ̀ níbòmíì.
Ìyá Ọlátẹ́jú ní Ebi-ò-délé ni tòun,
pé kí n má fi wé iṣu Oǹdó kankan,
iṣu olómi tí odó ń kọ̀.

Mo lọ ewé nínú odó tí kò tó àtẹ́lẹwọ́,
mo fi ọtí líle fọ okùn ìran jáde,
ó funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bí òwú aláǹtakùn lábẹ́ ìrì.
Mo rọ ọ́ sínú ihò jẹ́lì.
NẸPA mú iná lọ.
Gbogbo yàrá àyẹ̀wò l'Ákúrẹ́ dákẹ́,
títí Fẹ̀yíjìmí fi fa okùn jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Láyé ogun, bí ọmọ bá sọnù,
ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wò: pélé ni, àbàjà ni,
wọn á ní, "Ọmọ ilé báyìí nìyí,"
wọn á mú un lọ sílé.
Iṣu náà a máa kọlà, inú ló ń kọ ọ́ sí.
Ilẹ̀ pupa lè fi osùn kun èèpo,
orúkọ lè yí lẹ́nu bí a ti ń gun òkè kan,
tí a ń sọ̀ kalẹ̀ òmíràn,
ìlà ọ̀hún ò ní parẹ́.

Mo tan iná aláwọ̀ aró sí jẹ́lì.
Ìlà mẹ́fà fún Oǹdó.
Ìlà mẹ́fà fún Ìta-Ògbólú,
wọ́n kọjú síra bí àkàbà tí a là sí méjì.
Iṣu kan ṣoṣo.
Ìyá Ọlátẹ́jú gbọ́ lórí fóònù, ó dákẹ́ pẹ́,
ó ní, "A jẹ́ pé wọ́n jí tiwa ni."

Ewé kẹta wà. N kò kọ ọ́ sínú ìwé.
Mo já a lẹ́yìn ilé wa ní ọ̀nà Ọ̀dà,
lórí ebè tí màmá mi kọ kẹ́yìn.
Iṣu ilé wa, bó ṣe ń pè é nìyẹn.
Kì í tà á. Kì í fi tọrẹ.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta: ìlà mẹ́fà.
Màmá mi, tó búra pé òun ò tẹ Oǹdó rí.

Ìlà á sọ ẹbí; kò ní sọ ẹni tó ru iṣu,
tàbí abẹ́ gèlè wo ló gbà wọlé.
Ẹ jọ̀ọ́, bí bàbá mi bá bèèrè,
ẹ ní NẸPA ló mú iná.